Láti pápákọ̀ òfurufú dé Ilé-Ifẹ̀: ibo ni kí n balẹ̀ sí, kí ni kí n wọ̀?

Ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe ìgbéyàwó, ìsìnkú tàbí tó ní nǹkan í ṣe ní yunifásítì máa ń bi àwa ará Ifẹ̀ ní ìbéèrè yìí, pàápàá àwọn tó ń ti Àbújá tàbí òkè òkun bọ̀. Bí a ṣe máa ń dá wọn lóhùn rèé.

Ṣé kò sí pápákọ̀ òfurufú ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni?

Lórúkọ, ó wà. Èyí tó wà ní Ìdó-Ọ̀ṣun, nítòsí Òṣogbo, ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, orúkọ MKO Abiola ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń gbé èrò kì í balẹ̀ síbẹ̀. Nínú mẹ́ta yìí ni kí ẹ ti mú ọ̀kan: Ìkẹjà l'Ékòó, Alákìà n'Íbàdàn, tàbí Àkúrẹ́.

Èwo ló sún mọ́ Ifẹ̀ jù?

Alákìà ni, kò sí àríyànjiyàn. Bí wọ́n bá dárúkọ Ìbàdàn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá àti Dùgbẹ̀ ló máa ń wá sọ́kàn èèyàn, wọ́n á ní àwọn ò lè ru báàgì gba àárín ìlú yẹn kọjá. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ gbabẹ̀. Apá ìlà-oòrùn Ìbàdàn ni Alákìà wà, ní ìhà ọ̀nà Ifẹ̀ gan-an, nítòsí Adégbàyí. Ẹ̀gbẹ́dá ló kàn, ẹ ó kọjá lórí odò Ọ̀ṣun, ẹ ó kan Ìkirè (ẹ ra dòdò Ìkirè o), lẹ́yìn náà Gbọ̀ngán, ẹ dé Ifẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ìrìn náà ò ju bíi 80 kìlómítà lọ.

Òdìkejì èyí ni ti Àkúrẹ́. Apá ibi tí wọ́n ń gbà lọ sí Ọ̀wọ̀ ni pápákọ̀ wọn wà, nítorí náà ẹ ní láti la ìlú kọjá kí ẹ tó bọ́ sójú ọ̀nà Iléṣà. Mi ò ní gba ẹni tó ń bọ̀ ní Ifẹ̀ nímọ̀ràn pé kó gba ibẹ̀, àfi tí kò bá rí ọkọ̀ Ìbàdàn. Ẹni tó ń lọ sí Iléṣà tàbí Ìpetu-Ìjèṣà ni Àkúrẹ́ rọrùn fún.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ṣá o, bóyá ọkọ̀ ń balẹ̀ sí Alákìà lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ rìn.

Tí mo bá balẹ̀ sí Alákìà, kí ni kí n wọ̀?

Ẹ lè háyà takisí láti pápákọ̀ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn yín. Èyí tí àwa máa ń ṣe ni pé ká gbé Bolt tàbí Micra lọ sí Ìwó Róòdù, ká wọ mọ́tò Ifẹ̀ níbẹ̀. Ìyẹn á dá yín padà sẹ́yìn díẹ̀, ó sì máa ń dun àwọn àlejò. Wọ́n á ní, "Ṣebí ojú ọ̀nà Ifẹ̀ la wà yìí? Ẹ jẹ́ ká dá mọ́tò dúró ní Adégbàyí." Mọ́tò tó bá ti kúrò ní páàkì ti kún. Èyí tó bá ya dúró fún yín lẹ́bàá títì, tí ìjókòó ṣì ṣófo nínú rẹ̀, ẹ fura sí i. Bí àwọn "one chance" ṣe ń rí èèyàn gbé nìyẹn.

Nínú ọkọ̀ kékeré, ẹni méjì ni wọ́n máa ń fún pọ̀ síwájú. Tí ara yín ò bá gba ìfúnpọ̀, ẹ san owó ìjókòó iwájú méjèèjì. Ó ṣì dínwó sí háyà gan-an, mi ò mọ ìdí tí àwọn èèyàn kì í fi í ronú kàn án. Ẹ sì bá dírẹ́bà sọ owó ẹrù kí báàgì tó wọ búùtù. Tó bá ti wọ̀ ọ́ tán, ohùn á yí padà.

Kí ló dé tí takisí pápákọ̀ fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Kì í ṣe ìrẹ́jẹ ni gbogbo rẹ̀. Dírẹ́bà náà lè jókòó láti àárọ̀ dọ̀sán de ọkọ̀ òfurufú kan ṣoṣo. Tó bá sì gbé yín dé Ifẹ̀, àfàìmọ̀ kó má padà lófìfo, torí àwọn ọmọ páàkì ibí ò ní jẹ́ kó gbérò ní tiwọn. Owó gbogbo ìjókòó lẹ̀ ń san, ẹ tún ń san owó àbọ̀. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ pín in, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ni yín lára. Ẹnì kan ṣoṣo tó gbé báàgì kan, kí ló fẹ́ fi háyà ṣe?

Tó bá jẹ́ Ìkẹjà ni mo balẹ̀ sí ńkọ́?

Tíkẹ́ẹ̀tì Èkó lè dínwó, torí ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ síbẹ̀ pọ̀ ju ti Ìbàdàn lọ. Àmọ́ ìrìn ilẹ̀ tó kù á tó bíi 200 kìlómítà, ibi tí èrè yẹn máa ń bá lọ nìyẹn. Ẹ gbé Bolt lọ sí Berger, l'Ójòdù. Ẹ ó gbọ́ tí agbèrò ń pariwo: "Ifẹ̀, Iléṣà! Ó ku ẹnì kan!" Ẹ bojú wo inú mọ́tò náà. Bí ẹ bá rí ọkùnrin mẹ́ta tí báàgì kankan ò sí lẹ́sẹ̀ wọn, tí wọ́n ń bá agbèrò ṣàwàdà lójú fèrèsé, ọmọ páàkì ni wọ́n. Ẹ ó sanwó tán, wọ́n á máa bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó wá rí i pé ẹ̀yin gan-an lèrò àkọ́kọ́.

Rélùwéè tí wọ́n ṣí ní 2021 náà wà, ẹ lè wọ̀ ọ́ l'Ágége. Mọ́níyà n'Íbàdàn ló ń já yín sí, ìyẹn sì jìnnà sí Ìwó Róòdù tí ẹ ti máa wọ mọ́tò Ifẹ̀.

Èló ni kí n mú dání?

Owó ọkọ̀ ń tẹ̀lé epo, iye tí mo bá kọ síbí lónìí lè má wúlò lóṣù tó ń bọ̀. Ní oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan fò láti bíi ₦185 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń gbé Ifẹ̀ bá yín béèrè ní páàkì, iye tí Ìbàdàn jẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ṣírò iye yẹn fún gbogbo èrò tí ọkọ̀ kan ń gbà, ẹ fi bí ìdajì lé e nítorí àbọ̀. Dírẹ́bà háyà tó bá pè é jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dúnàá dúràá. Nígbà Kérésìmesì, nígbà Iléyá àti lọ́sẹ̀ tí àwọn ọmọ yunifásítì bá ń wọlé, owó páàkì pàápàá á gbẹ́nu sókè.

Níbo ni kí n bọ́ sílẹ̀ tí mo bá dé Ifẹ̀?

Géètì yunifásítì lẹ máa kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà Mayfair, kí ẹ tó dé Lágéré.

Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ńkọ́?

Tí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá bá yín l'Ékòó, ẹ sùn síbẹ̀. Wọ́n ti ń gbérò ní Berger láti ìdájí. Kí mọ́tò tó gbéra, ẹ ya nọ́ńbà rẹ̀ ní fọ́tò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sílé.