Òkè ni àgbàrá ti ń wá: bí akẹ́kọ̀ọ́ àti ará àdúgbò ṣe ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ omi

Òjò mìlímítà kan tó rọ̀ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, lítà omi kan gbáko ni. Ìṣirò yìí ló yẹ kí iṣẹ́ àkànṣe ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí lórí ẹ̀kún omi fi bẹ̀rẹ̀, torí ó máa ń la ojú èèyàn kíá. Ẹ mú òrùlé kíláàsì kan tó fẹ̀ tó 200 mítà onígun mẹ́rin. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sí i, 10,000 lítà ni yóò ṣàn kúrò lórí páànù wá sílẹ̀. Bí ilẹ̀ ẹ̀yìn kíláàsì náà bá ti le koko nítorí ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, díẹ̀ ni yóò mu nínú rẹ̀. Ìyókù yóò wá ìsàlẹ̀ lọ, yóò pàdé ti òrùlé kejì, yóò pàdé ti pápá ìṣeré àti ti ọ̀nà ọlọ́dà, gbogbo wọn yóò para pọ̀ di àgbàrá. Ilé tí àgbàrá yẹn yóò yà lè jìnnà débi pé ẹni tó ń gbọ́n omi nínú yàrá rẹ̀ kò ní ronú kan òrùlé kíláàsì kankan.

Ibi tí omi ti yalé ni gbogbo ojú máa ń wò, ibẹ̀ náà ni owó sì sábà máa ń lọ. Wọ́n á fẹ gọ́tà, wọ́n á mọ ògiri, wọ́n á kó àpò iyanrìn jọ síwájú ilé. Ògiri kì í pa omi, ilé aládùúgbò ló ń darí rẹ̀ sí. Gọ́tà tó túbọ̀ fẹ̀ náà, ńṣe ló ń mú kí omi yára dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ohun tó wà ní agbára akẹ́kọ̀ọ́ àti ará àdúgbò, láìsí katakata, ni pé kí wọ́n gòkè lọ pàdé omi: kí wọ́n mú un rìn jẹ́jẹ́, kó tàn káàkiri, kó sì wọlẹ̀ kó tó di àgbàrá rárá. Iṣẹ́ kan náà yìí ló ń dá ilẹ̀ sí, nítorí omi tó ń sáré ló ń ru erùpẹ̀ lọ.

Bí òjò ṣe ń jí ilẹ̀ gbé kò díjú. Ẹ̀kán òjò ńlá máa ń já bọ́ ní eré tó tó mítà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá ba ewé tàbí koríko gbígbẹ, agbára rẹ̀ tán síbẹ̀. Bí ó bá ba ilẹ̀ ìhòòhò, ó máa ń fọ́ ògúlùtu sí wẹ́wẹ́, èyí tó kúnná jù nínú rẹ̀ á sì dí àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tí omi ń gbà wọlẹ̀. Tí oòrùn bá ràn, ojú ilẹ̀ á gan bí èépá. Òjò tó tẹ̀ lé e kò rí ọ̀nà wọlẹ̀ mọ́, àfi kó máa ṣàn. Lákọ̀ọ́kọ́, á máa bó ojú ilẹ̀ lọ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní fura. Lẹ́yìn náà, ojú ìṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Èyí tó bá lágbára jù nínú wọn á gba omi àwọn yòókù mọ́ra, á di kòtò, kòtò á sì di ọ̀gbun. Kí ilẹ̀ ọlọ́ràá tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ tó padà sípò, ó lè gba ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan.

Ṣọ́bìrì kò tíì kàn. Ìrìn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, nígbà òjò tàbí gẹ́lẹ́ tó bá dá. Akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, onílẹ̀, àgbẹ̀ àti àwọn àgbà àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí omi ti ń yalé, wọ́n á máa tọ ipa rẹ̀ padà sókè títí wọn yóò fi dé ibi tí omi ti ń pín sí méjì, tí apá kan ń ṣàn síhìn-ín, tí apá kejì ń ṣàn sọ́hùn-ún. Gbogbo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń dà sí ojú kan yẹn ni oko iṣẹ́ wọn. Wọ́n á yà á sórí pépà pẹ̀lú òrùlé, ọ̀nà, ilẹ̀ ìhòòhò, gọ́tà tí ìdọ̀tí ti dí, àti bí àmì omi ṣe ga tó lára ògiri. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni wọ́n ti ń gbọ́ ohun tí máàpù kò sábà sọ: odò kékeré kan ti ń gba ibẹ̀ kọjá kí wọ́n tó kọ́lé lé e. Ilé lè ti pé ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀, omi ò tíì gbà pé ọ̀nà òun ti dí.

Òfin kan wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ nínú ìrìn yìí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ omi tó ń ṣàn. Omi eléré tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ lè gbé àgbàlagbà ṣubú, èyí tó bá sì tó sẹ̀ǹtímítà 60 lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ. Etí ọ̀gbun náà kò ṣe é dúró sí, nítorí omi lè ti gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ ṣófo.

Wíwọ̀n ló tẹ̀ lé e, agolo kan sì tó fún un. A ó gé orí àti ìdí agolo náà kúrò, a ó gbá a wọ ilẹ̀ díẹ̀, a ó bu omi tí a ti wọ̀n sínú rẹ̀, a ó sì ka iye ìṣẹ́jú tí ilẹ̀ fi mu ún tán. A ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì lójú kan náà, torí ilẹ̀ gbígbẹ máa ń fi ìwọra mu omi àkọ́kọ́. Ìkejì ló ń sọ òtítọ́. Ká wá ṣe é lábẹ́ igi, lórí koríko, àti lójú ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà. Ìyàtọ̀ tó máa ń wà láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò nílò àlàyé olùkọ́.

Òjò fúnra rẹ̀ náà yẹ ní wíwọ̀n, nítorí kì í rọ̀ bákan náà níbi gbogbo. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1997, òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá kan rọ̀ sí apá kan ìlú Fort Collins ní Colorado, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí apá ibòmíràn nínú ìlú kan náà rí díẹ̀. Ẹ̀kún omi náà ká ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́, èèyàn márùn-ún sì bá a lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Colorado State University, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíríámà mélòó kan, dá ẹgbẹ́ CoCoRaHS sílẹ̀: aráàlú lásán, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwọ̀n òjò lẹ́yìn ilé rẹ̀, tí ń ka á láràárọ̀, tí ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́. Ó ti tàn káàkiri Amẹ́ríkà, ó sì ti dé Kánádà. Ohun tó mú un ṣiṣẹ́ ni pé ohun kan náà ni gbogbo wọn fi ń wọ̀n, ní àkókò kan náà. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń ka tirẹ̀ nígbà tó bá rántí nìkan kò ní rí nǹkan kan kọ́ lára rẹ̀.

Bí iṣẹ́ ọwọ́ bá wá kàn, ìbéèrè tó ṣáájú ni pé: ibo lára ìdàgẹ̀rẹ́ yìí ni ilẹ̀ ti ga dọ́gba? Ojú kò ṣe é gbára lé níbi, ó máa ń tan ni jẹ. Bí a bá sì to òkúta gba ìlà tí kò dọ́gba, omi á wọ́ jọ síbi tó rẹlẹ̀ jù, á já ibẹ̀, á gbẹ́ kòtò tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí a má ṣe é rárá sàn ju ìyẹn lọ.

Igi mẹ́ta àti okùn kan ló ń yanjú rẹ̀. Igi méjì tó gùn tó mítà méjì á fi orí kan ara wọn, ẹsẹ̀ wọn á yà, ẹ̀kẹta á gba àárín wọn kọjá bíi lẹ́tà A. Okùn tí a so òkúta mọ́ nídìí á rọ̀ láti orí. A ó nà án ró, a ó fi èèkàn sí ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà, a ó sì fàmì síbi tí okùn ti gba ara igi àárín. Lẹ́yìn náà, a ó yí i po kí ẹsẹ̀ méjèèjì gba ipò ara wọn, a ó tún fàmì. Àárín gbùngbùn àmì méjèèjì ni òtítọ́ wà. Láti ìgbà náà lọ, níbikíbi tí okùn bá ti bọ́ sí àárín yẹn, ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì wà ga dọ́gba. A ó máa gbé ẹsẹ̀ kan yí ìkejì po, a ó máa rin èèkàn lọ títí ìlà á fi gba ìdàgẹ̀rẹ́ kọjá.

Ní Yatenga, ní àríwá Burkina Faso, rọ́bà ni wọ́n lò. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń to òkúta sóko tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà wọn kì í sábà dọ́gba. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ àjọ aṣèrànwọ́ Oxfam bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, ohun tí wọ́n fi kún un kò ju rọ́bà gígùn tó mọ́ gaara lọ. Wọ́n rọ omi sínú rẹ̀, wọ́n so etí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọ̀pá méjì. Omi inú rọ́bà kì í parọ́: bí ó bá dúró síbi kan náà lára ọ̀pá méjèèjì, ilẹ̀ dọ́gba. Ọjọ́ kan tàbí méjì ni àgbẹ̀ tí kò kàwé rárá fi ń mọ̀ ọ́n lò. Òkúta tí wọ́n tò náà kì í ṣe odi. Omi ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀, bó sì ti ń falẹ̀ ló ń sọ erùpẹ̀, ewé àti irúgbìn tó rù sílẹ̀.

Níbi tí kò sí òkúta, koríko á ṣe é. Gbòǹgbò koríko kan tí wọ́n ń pè ní vetiver lè wọlẹ̀ tó mítà mẹ́ta. Bí a bá gbìn ín súnmọ́ra lórí ìlà náà, á di ọgbà tó há débi pé erùpẹ̀ kò ní rí àyè kọjá. Ní Machakos, ní Kẹ́ńyà, poro ni wọ́n gbẹ́ gba ìlà, wọ́n sì da erùpẹ̀ rẹ̀ sí apá òkè. Fanya juu ni wọ́n ń pè é ní Swahili. Láti ọdún dé ọdún, ilẹ̀ tó wà láàárín poro kan sí èkejì á máa tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ̀gùn. Nínú ìlú, táńkì lábẹ́ òrùlé àti ọgbà òdòdó tí ilẹ̀ rẹ̀ jìn díẹ̀, tí a darí omi òrùlé sí, ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ọ̀gbun le jùyẹn lọ. Àwọn tó ń kó pàǹtírí dà sínú rẹ̀ kí ó lè dí kàn ń fún àgbàrá ní ẹrù tí yóò gbé lọ dí ihò abẹ́ afárá ni. Bí ọ̀gbun bá ṣì kéré, a ó kọ́kọ́ yí omi tó ń wọ orí rẹ̀ padà, lẹ́yìn náà a ó fi òkúta tàbí àpò iyanrìn dínà sínú rẹ̀ ní ìpele-ìpele. Àárín ìdínà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kọjá. Orí ìdínà ìsàlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ga dọ́gba pẹ̀lú ìdí ti òkè. Ọ̀gbun tó bá ti ga ju èèyàn lọ kì í ṣe iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́; ẹnjiníà ni kí wọ́n lọ pè.

Ti igi gbígbìn wá ń kọ́? Ó dára, àmọ́ òun ni wọ́n ń yà fọ́tò rẹ̀ jù. Ọmọ igi kò lè dá àgbàrá ọdún yìí dúró, koríko ló lè ṣe é. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n máa bi ẹgbẹ́ tó gbin igi ni iye tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún méjì.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò ní ílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tí kò gbọdọ̀ gbà fún un kì í sábà jẹ́ onílé tí omi ń yà lé lórí. Onílẹ̀ òkè ni, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ táútáú, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì kàn rárá lójú ara rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń forí ṣánpọ́n nìyí. Òun nílò èrè tirẹ̀, kì í ṣe ìwàásù: omi tó wọlẹ̀ sóko rẹ̀ ń jẹ́ kí irè oko rẹ̀ tètè borí ọ̀dá, erùpẹ̀ tó dúró sì ni ajílẹ̀ tí kò fowó rà. Amẹ́ríkà fi òfin ti irú àjọṣe yìí lẹ́yìn. Lẹ́yìn tí ìjì eruku àwọn ọdún 1930 gbá ilẹ̀ oko wọn lọ, wọ́n dá àjọ ìdáàbòbò ilẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1935. Nígbà tó fi máa di 1937, àwọn ìpínlẹ̀ ti ń ṣòfin tó fàyè gba àwọn àgbẹ̀ láti dá ìgbìmọ̀ tiwọn sílẹ̀ lágbègbè. Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí 3,000 lónìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní tirẹ̀ yóò jáde nílé ẹ̀kọ́, òjò kò sì ní dúró dè é. Nítorí náà, ìwé àkọsílẹ̀ ni kó ṣẹ́ kù: máàpù, òǹkà òjò, ibi tí ìlà gbà, orúkọ iṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣe é. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹnì kan ní láti kó ẹrẹ̀ kúrò nínú gọ́tà, kó dá òkúta tó yẹ̀ padà, kó sì di àlàfo inú koríko. Ìnáwó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣe ayẹyẹ fún un.

Gbogbo èyí ní ààlà. Odò ńlá tó bá kún àkúnya kò ní wo ojú òkúta tí a tò sóko. Bí Netherlands tilẹ̀ mọ odi ju ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ, ètò kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006 ní ibi tó lé ní ọgbọ̀n ni pé kí wọ́n sún odi sẹ́yìn, kí odò lè rí àyè tàn sí. Ní àdúgbò, ìtumọ̀ èyí ni kí etí odò jẹ́ pápá ìṣeré tàbí oko, kí ó má jẹ́ ilé. Níbi tí ilé bá ti wà níbẹ̀, ọ̀pá tí a kùn ní ìpele-ìpele sínú odò lápá òkè, àti ẹnì kan tó ní fóònù, lè fún àwọn ìsàlẹ̀ ní àkókò láti kó ọmọ àti arúgbó jáde.

Bí iṣẹ́ náà bá ń lọ dáadáa, ìṣó ló máa ń fi í hàn. A ó kan ìṣó gígùn mọ́lẹ̀ káàkiri ìdàgẹ̀rẹ́, a ó sì wọn èyí tó yọ sókè nínú rẹ̀. Bí òjò ọdún kan bá tán, tí mìlímítà kan sí i bá yọ, ilẹ̀ hẹ́kítà kan ti pàdánù erùpẹ̀ tó tó mítà kúbíìkì mẹ́wàá, èyí tó lè kún ọkọ̀ akóyanrìn kan. Lẹ́yìn ìlà òkúta tó dọ́gba, ìṣó náà kì í yọ sí i. Àwọn tó wá wọ̀n ọ́n máa ń ní láti fi ọwọ́ wa ilẹ̀ kí wọ́n tó rí orí rẹ̀.