Aṣọ tí gíláàsì wọ̀

Obìnrin kan tó ń ta fóònù ní Táíwò, nílùú Ìlọrin, bi mí pé: "Alfa, fóònù tuntun kì í gba ọ̀rá ọwọ́. Tó bá pẹ́ díẹ̀, gbogbo ojú ẹ̀ á kún fún àmì ìka. Ṣé ayédèrú ni wọ́n ń kó fún wa ni?"

Kì í ṣe ayédèrú. Aṣọ ojú ẹ̀, ìyẹn èròjà tín-ín-rín tí wọ́n fi bo gíláàsì rẹ̀, ló gbó. Ìbátan aṣọ yẹn ni èmi ń dá fún gíláàsì níbi iṣẹ́. Mólékù kan ṣoṣo ni tèmi nípọn mọ: bí ẹ bá to 40,000 rẹ̀ léra, ẹyọ irun orí kan ni. Orí mólékù náà á di gíláàsì mú, ìrù á nà sókè, gbogbo wọn á tò ní èjìká kan èjìká bíi sàfù ní Yídì. (Tó bá jẹ́ wúrà, mólékù tó ní imí ọjọ́ lórí là ń lò, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì, Nuzzo àti Allara, ló fi èyí hàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1983.)

Ìrù nìkan ni omi ń bá pàdé. Ẹ pa ìrù dà, ojú gíláàsì ti yí padà nìyẹn. Mo máa ń kọ́kọ́ to èyí tí omi ń dúró lé lórí bí ìrì lórí ewé kókò. Lẹ́yìn náà, mo á rì í sínú pámángánéètì, omi aláwọ̀ àlùkò yẹn, pẹ̀lú kẹ́míkà kan tó ń ràn án lọ́wọ́. Ìrù á di ásíìdì. Tí mo bá tún kán omi sí i, ṣe ló máa tẹ́ pẹrẹsẹ. Ojú lásán ò rí ìyàtọ̀ kankan o! Ara ásíìdì yẹn la ti lè so èròjà tó ń mú kòkòrò àrùn mọ́ ọn fún àyẹ̀wò.

Òjò ni ọ̀tá mi. Lóṣù keje, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á mú kí àwọn mólékù náà so mọ́ra wọn kí wọ́n tó dé ara gíláàsì, ni gíláàsì á bá funfun bí ẹni da ògì sí i. Bẹ́ẹ̀, tí omi ò bá sí rárá, wọn ò ní dì í mú dáadáa. Mo bà á jẹ́ títí ó fi sú mi. Ìgbà ọyẹ́ ni mo ń ṣe é báyìí, tí mo sì ń bá eruku jà.

Ti fóònù, ìnùjú ojoojúmọ́ ló ń jẹ ẹ́. Bílíìsì àti omi eérú tún burú jù, wọ́n ń já orí mólékù kúrò lára gíláàsì. Tí ẹ bá ra aṣọ olómi tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré láti fi tún ojú fóònù bò, ẹ kọ́kọ́ fi sípírítì nu ojú fóònù mọ́ tónítóní. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí ọ̀rá ló máa jókòó sí, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá fi aṣọ nù ún, ó ti bá aṣọ lọ.