Kí Ni Ìtàn Ìpẹ̀yàrun Ń Wá Nínú Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì?

Ìbéèrè: Ọmọ mi wà ní SS2 níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn ní kí wọ́n ka ìtàn àwọn ènìyàn tí wọ́n pa ní Rùwáńdà. Ṣé iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn kọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Olùkọ́ ìtàn ni yóò sọ ohun tó fà á àti bí ó ṣe parí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ló máa ń ṣíwájú àdá. Ní ọdún 1994, láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́, wọ́n pa nǹkan bí 800,000 ènìyàn ní Rùwáńdà, Tutsi, ẹ̀yà kan ní ilẹ̀ náà, ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Kí ó tó di ìgbà náà, rédíò kan tí ń jẹ́ RTLM ti ń pe àwọn Tutsi ní inyenzi, èyí tí í ṣe aáyán. Ẹni tí ó bá ti gbà pé aáyán ni aládùúgbò òun kò ní ka pípa á sí ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni wọ́n fi sọ ènìyàn di kòkòrò yẹn, olùkọ́ èdè ni ó sì ń kọ́ ọmọ bí àfiwé ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé ìpẹ̀yàrun yàtọ̀ sí ogun?

Ìdáhùn: Ó yàtọ̀. Raphael Lemkin, amòfin Júù láti ilẹ̀ Póláǹdì, ni ó ṣẹ̀dá orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, “genocide”, tí ó sì gbé e jáde nínú ìwé ní ọdún 1944. Àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 1948 sọ pé èrò láti pa ẹ̀yà, orílẹ̀-èdè tàbí àwọn ẹlẹ́sìn kan run, lódindi tàbí lápá kan, ni a fi ń dá a mọ̀.

Ìbéèrè: Kí ni olùkọ́ yóò ṣe gan-an nínú kíláàsì?

Ìdáhùn: Kí ó kọ “They were killed” sí ojú pátákó, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ túmọ̀ rẹ̀. “Wọ́n pa wọ́n” ni wọn yóò kọ. Gẹ̀ẹ́sì ti yọ apànìyàn kúrò nínú gbólóhùn náà pátápátá. Yorùbá tiwa fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dárúkọ rẹ̀, orúkọ kan náà ni òun àti ẹni tí ó pa sì ń jẹ́. Ta ni “wọ́n” àkọ́kọ́? Ìbéèrè yìí nìkan tó fún odindi àkókò ìkẹ́kọ̀ọ́ kan. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n wo bí àwọn Násì ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n pa nǹkan bí 6,000,000 Júù, ṣe pe iṣẹ́ náà ní “ojútùú ìkẹyìn”, bí ẹni pé ìṣirò ni wọ́n ń yanjú. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá pé kí a ní kí ọmọ ṣeré bí apànìyàn tàbí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa: ìyà àwọn tí ó kú kì í ṣe eré orí ìtàgé.

Ìbéèrè: Ní ìlú tiwa yìí, ṣé kò ní tú egbò?

Ìdáhùn: Ó lè tú u. Àwọn òbí àwọn ọmọ wa rántí ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tí ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1997, ọmọ ìhà méjèèjì sì lè jókòó sórí àga kan náà. Ìjà yẹn kì í ṣe ìpẹ̀yàrun, olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá fúnra rẹ̀ sọ ohun tí ó gbọ́ nílé, kí olùkọ́ gbọ́ ọ tán, kí ó má sì fún un ní máàkì kankan lórí rẹ̀.