Sínfónì Kejì Mahler (àwo orin Gilbert Kaplan)

Sínfónì Kejì Mahler tí Gilbert Kaplan darí jẹ́ àwo orin kíláásíkà tí London Symphony Orchestra lù, tó jáde ní 1988. Sínfónì jẹ́ orin gígùn fún ọkẹ́sítírà; Gustav Mahler, ará Austria, ló kọ èyí. Ohun tó mú kí ayé gbọ́ nípa rẹ̀ ni pé iṣẹ́ orin kọ́ ni iṣẹ́ ẹni tó di ọ̀pá ìdarí mú. Oníwèé ìròyìn ni Kaplan (1941–2016) ní New York. Òun ló dá ìwé ìròyìn Institutional Investor sílẹ̀ ní 1967 fún àwọn tó ń fi owó dókòwò.

Ọdún 1965 ló kọ́kọ́ gbọ́ sínfónì yìí ní Carnegie Hall, kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ó di ẹni ogójì ọdún kó tó wá olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń darí rẹ̀, sínfónì yìí nìkan ló sì fẹ́ kọ́. Ní 1982, ó fi owó ara rẹ̀ háyà odindi ọkẹ́sítírà kan, ó sì darí orin náà níwájú àwọn àlejò tó pè.

Àwọn akọrin ìjọ Yorùbá ní Àbújá yóò tètè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ọ̀pọ̀ olórí akọrin ní Kúbwà àti Nyanya ló ń ṣiṣẹ́ ìjọba láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tó bá wá di Àbámẹ́ta, wọ́n á gbé ìwé sọ́fà Handel jáde. Ṣùgbọ́n ẹrù Mahler wúwo ju ti Handel lọ: ìpín márùn-ún, nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀, hóònù mẹ́wàá, obìnrin adákọrin méjì àti ogunlọ́gọ̀ akọrin. Nínú ìpín karùn-ún, àwọn afọnfèrè kan wà níta gbọ̀ngàn tí ojú kò rí wọn. Ìró wọn ń bọ̀ láti òkèèrè bí kàkàkí Ọba Záríà ṣe ń dún sétí ẹni tó ṣì wà lọ́nà lọ́jọ́ Iléyá. Gbogbo rẹ̀ á wá dákẹ́. Ìgbà náà ni akọrin wọlé, jẹ́jẹ́ bí èémí, pé erùpẹ̀ ara yóò jíǹde. Ibi ìsìnkú adarí orin Hans von Bülow ní Hamburg ní 1894 ni Mahler ti gbọ́ ewì Klopstock tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá.

Cardiff ni wọ́n ti gba àwo náà sílẹ̀ ní 1987, pẹ̀lú Benita Valente àti Maureen Forrester. Ẹ̀dà tó tà lé ní 175,000, èyí tó ṣọ̀wọ́n fún orin Mahler.

Nígbà tí Kaplan darí New York Philharmonic ní 2008, àwọn kan nínú ọkẹ́sítírà náà bẹnu àtẹ́ lu ìdarí rẹ̀ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe èyí tí a lè gbé sọnù, àmọ́ kò pa iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ rẹ́. Ní 1984, ó ra ìwé orin sínfónì yìí tí Mahler fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó sì kópa nínú ṣíṣe ẹ̀dà tuntun tó ṣàtúnṣe ọ̀pọ̀ àṣìṣe. Ẹ̀dà yìí ló darí fún Vienna Philharmonic nínú àwo tó jáde ní 2003. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n ta ìwé àfọwọ́kọ náà, ojú ewé 232, ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kọkànlá 2016, iye rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ pọ́n-ùn.