Bí Wọ́n Ṣe Ń Gbin Afárá ní Meghalaya

Ní Meghalaya, ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà, òjò ni ọ̀tá afárá. Agbègbè Sohra, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Cherrapunji, wà lára ibi tí òjò ti ń pọ̀ jù láyé: ó máa ń lé ní 11,000 mìlímítà lọ́dún. Odò á kún, á gbá afárá ọparun lọ. Èyí tí kò bá gbá lọ, á jẹrà. Irin pàápàá a máa dípẹtà. Àwọn ará Khasi àti Jaintia wá yíjú sí ohun tí òjò ń bọ́, ìyẹn gbòǹgbò igi tútù.

Ficus elastica ni igi náà. Kì í ṣe Hevea tí wọ́n ń kọ lára lóko rọ́bà nílẹ̀ wa o. Ẹbí ọ̀dán àti ọ̀pọ̀tọ́ ni. Ẹni tó bá ti dúró lábẹ́ ọ̀dán àgbà rí ti mọ̀ bí irú igi bẹ́ẹ̀ ṣe ń ju gbòǹgbò sílẹ̀ láti ara ẹ̀ka.

Etí odò ni wọ́n ń gbìn ín sí. Gbòǹgbò rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wá, kò ní dédé sọdá odò. Wọ́n á la ìtì ọ̀pẹ areca, tí wọ́n ń jẹ èso rẹ̀ níbẹ̀ bí a ṣe ń jẹ obì, wọ́n á gbẹ́ inú rẹ̀, wọ́n á gbé e dábùú odò, wọ́n á sì tẹ́ gbòǹgbò sínú rẹ̀. Ọ̀rinrin wà níbẹ̀, kò sì sáyè àtiyà sọ́tùn-ún sósì. Bó bá gúnlẹ̀ sí òdìkejì, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀. Látìgbà náà ni yóò ti máa sanra, tí yóò sì máa le.

Ibi tí gbòǹgbò méjì bá ti lọ́ mọ́ra ló wù mí jù. Bí wọ́n ṣe ń tóbi ni wọ́n ń fún ara wọn, títí tí igi inú wọn yóò fi lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Kò sí ìṣó níbẹ̀ rárá. Òkúta àti erùpẹ̀ ni wọ́n fi ń dí àlàfo, ẹsẹ̀ èrò á sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Èyí lè gba 15 sí 30 ọdún kó tó lè gbé èrò dáadáa. Ìtì ọ̀pẹ á ti jẹrà kó tó dìgbà yẹn, wọ́n á sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó gbìn ín lè má fi bẹ́ẹ̀ gbádùn rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jogún iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń hun gbòǹgbò tuntun mọ́ ti àtijọ́. Afárá tó bá rí ìtọ́jú lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Àwọn kan gùn ju mítà 50 lọ. Ní abúlé Nongriat, ọ̀kan wà lórí èkejì. Ṣùgbọ́n bí igi bá kú, afárá kú nìyẹn.

Ní Jámánì, Ferdinand Ludwig, ayàwòrán ilé kan, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lo irú ọgbọ́n yìí. Ní ìlú Nagold, lọ́dún 2012, wọ́n to àwọn igi platanus kéékèèké sórí ara wọn nínú àwọn àpótí tí wọ́n gbé sórí irin, kí wọ́n lè dàgbà pọ̀ di ògiri. Irin ni yóò gbé e ró ná, títí àwọn igi yóò fi nípọn tó láti dá dúró. Ìṣirò ló ń dà wọ́n láàmú: gbòǹgbò méjì kì í rí bákan náà, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ya ọ̀pọ̀ fọ́tò àwọn afárá Meghalaya, tí wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà tò wọ́n pọ̀ láti mọ ibi tí okun wọn wà.