Màlúù orí aṣọ Jouy

Ẹ wo aṣọ ọ̀hún dáadáa: funfun nílẹ̀, àwòrán pupa lórí. Darandaran kan jókòó lábẹ́ igi, ó ń fọn fèrè. Ọmọge gbé apẹ̀rẹ̀ òdòdó dání. Àgùntàn àti màlúù ń jẹ̀ létí odò. Kò sẹ́ni tó ń làágùn, ẹrẹ̀ ò kan ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Toile de Jouy ni wọ́n ń pè é, Jouy-en-Josas lẹ́bàá Versailles nílẹ̀ Faransé ló sì ti gba orúkọ.

Láti 1686 ni ọba Faransé ti fòfin de aṣọ òwú tí wọ́n tẹ àwòrán sí, irú bí àǹkárá tiwa, nítorí pé èyí tó ń ti Íńdíà wá fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ahunṣọ ibẹ̀. Abẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá ń rà á. Ọdún 1759 lòfin náà tó kúrò ńlẹ̀. Ní 1760, ọmọ Jámánì kan, Christophe-Philippe Oberkampf, ti ń tẹ aṣọ ní Jouy.

Pákó gbígbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbẹ́ irun àgùntàn sára pákó? Bàbà ló gba ìlà tín-ín-rín bẹ́ẹ̀. Francis Nixon ti fi í tẹ aṣọ nítòsí Dublin, ní Ireland, ní 1752. Ọgbọ́n náà dé Jouy ní 1770. Ní 1783 ni Jean-Baptiste Huet bẹ̀rẹ̀ sí yàwòrán fún wọn. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ abúlé àfiṣeré fún ayaba Marie-Antoinette ní Versailles, tòun ti ibi ìfúnwàrà. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ roko rí yóò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí wọ́n ń tẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ adìrẹ kì í jẹ́ kí aró mú ibi tó bá wà. Tiwọn yàtọ̀, álọ́ọ̀mù tó ń fa àwọ̀ mọ́ra ni wọ́n ń tẹ̀. Wọn á wá ri aṣọ náà sínú omi gbígbóná tí wọ́n po ìgbẹ́ màlúù sí, kí álọ́ọ̀mù tó ṣẹ́kù lè ṣí kúrò, kí wọ́n tó sè é pẹ̀lú gbòǹgbò garance tó ń mú un pupa. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò sá a sórí koríko létí odò Bièvre fún ọjọ́ pípẹ́, kí ilẹ̀ rẹ̀ lè padà funfun.

Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí gan-an ni Huet kọ́kọ́ yà fún Jouy. Ó tò wọ́n sáàárín igi, bí ẹni pé darandaran ni gbogbo wọn.