Fídà ẹyẹ tí eku àti ẹyẹlé ò ní lè jẹ nínú ẹ̀

Fídà ẹyẹ ni nǹkan tí wọ́n ń gbé kọ́ sínú ọgbà tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé káwọn ẹyẹ tó ń fò kiri lè máa rí ọkà jẹ. Kì í ṣe fídà adìyẹ là ń sọ o, ìyẹn máa ń wà nílẹ̀, èyí máa ń rọ̀ lókè ni. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé èèyàn lè gbé ọkà bàbà síta fún ológoṣẹ́, kí ẹyẹlé àdúgbò kó o jẹ tán kó tó di ọ̀sán, kí adìyẹ máa ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀, tó bá wá di alẹ́ kí eku wá parí ẹ̀. Torí náà, kéèyàn tó ra fídà tàbí kó tó ní kí wẹ́dà bá òun ṣe é, kó kọ́kọ́ mọ ẹyẹ tó fẹ́ kó wá, torí bí fídà bá ṣe rí ló máa sọ ẹni tó máa ríbi dúró níbẹ̀.

Èyí tó ṣiṣẹ́ jù fáwọn ẹyẹ kéékèèké ni fídà oníkéèjì. Páìpù tóóró tí ọkà wà nínú ẹ̀ ló máa ń wà láàárín, wọ́n á wá fi wáyà yí i ká, ojú wáyà yẹn á sì fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4. Spermestes cucullata, ẹyẹ kékeré olórí dúdú tí ikùn ẹ̀ funfun, tó máa ń tò sórí koríko lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri Ìbàdàn, kò ju nǹkan bíi gíráàmù 10 lọ, ńṣe ló kàn máa gba ojú wáyà wọlé. Ẹyẹlé tó lè tó gíráàmù 300 ò lè wọ̀ ọ́, àmọ́ ó lè ki orí bọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ààyè tó wà láàárín wáyà àti páìpù jìn ju ibi tí ọrùn ẹyẹlé lè nà dé. Oore míì tí kéèjì ń ṣe ni pé àṣá ò lè já bọ́ lé àwọn tó ń jẹun nínú ẹ̀, ológbò náà ò sì lè nawọ́ mú wọn bọ̀rọ̀.

Fídà onísípíríǹgì ní tiẹ̀, ìwúwo ló fi ń mọ àlejò. Ibi tí ẹyẹ ń bà lé so mọ́ sípíríǹgì, tí nǹkan tó wúwo bá gun un ó máa rọ̀ wálẹ̀, ihò ọkà á sì pa dé. Ìlú òyìnbó ni èyí ti wọ́pọ̀ jù, níbi tí ọ̀kẹ́rẹ́ eléérú, Sciurus carolinensis, tó lè tó gíráàmù 500, ti ń da ọgbà wọn láàmú (Àríwá Amẹ́ríkà ni ilé ẹ̀, 1876 ni wọ́n kó o wá tú sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì). Ọ̀kẹ́rẹ́ wà n'Ìbàdàn náà, pàápàá níbi tí igi ṣì pọ̀ sí bíi inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn àti IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín ìgboro, eku ló yẹ kó ká wa lára jù.

Ọ̀rọ̀ eku yìí kì í ṣe eré rárá. Mastomys natalensis, eku tó ń gbé kòkòrò ibà Lassa kiri, máa ń wọlé wá sọ́dọ̀ èèyàn níbi tó bá ti rí oúnjẹ, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹ̀ ló sì ń kó àrùn náà ran èèyàn. Ọdún 1969 ni wọ́n dá àrùn yìí mọ̀, orúkọ abúlé Lassa ní Borno ni wọ́n sì fi pè é. Ojú wáyà kéèjì ò lè dá eku dúró torí pé ihò sẹ̀ǹtímítà 2 péré tó o láti fún ara ẹ̀ gbà, nítorí náà, èyí tó bọ́ sílẹ̀ gan-an la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mójú tó. Kí fídà ní àwo fífẹ̀ lábẹ́ tó máa gba ọkà tó bá ń já bọ́, kí wọ́n má bu ju ohun táwọn ẹyẹ máa jẹ tán lójúmọ́ kan lọ, kí wọ́n gbálẹ̀ abẹ́ ẹ̀, kí wọ́n sì gbé gbogbo ẹ̀ wọlé kílẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n wá da ọkà tó ṣẹ́kù sínú ike tó ní ọmọrí tó dé dáadáa. Tẹ́nì kan ò bá ní lè ṣe ìyẹn, á dáa kó má gbé fídà kọ́ rárá.

Orí òpó irin ló dáa kó wà ju orí igi lọ. Wọ́n á fi páànù ṣe nǹkan bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo sí kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á dojú ẹ̀ dé sára òpó ní nǹkan bíi mítà kan àtààbọ̀ sókè, eku, ológbò tàbí ọ̀kẹ́rẹ́ tó bá gùn ún dé abẹ́ ẹ̀ máa pàdà wálẹ̀ ni. Àmọ́ tí fẹ́ǹsì tàbí ẹ̀ka máńgòrò bá wà nítòsí, asán ni, òkè ni wọ́n máa ti fò wá, nítorí ẹ̀ kí ààyè tó tó mítà 3 wà láàárín wọn. Àwọn kan máa ń fi gírísì kun òpó, kò dáa, torí tó bá ti kan ìyẹ́ ẹyẹ kò ní lè fò dáadáa mọ́. Ti èèrà, omi ló ń kápá ẹ̀: agolo kékeré tí omi wà nínú ẹ̀ lára wáyà tí fídà fi rọ̀.

Ata náà wà níbẹ̀. Èròjà capsaicin tó ń jẹ́ kí ata ta wá lẹ́nu kì í ta ẹyẹ, ó sì ń ta eku àti ọ̀kẹ́rẹ́ bó ṣe ń ta wá. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Sven-Eric Jordt àti David Julius, ló ṣàlàyé ìdí ẹ̀ ní 2002, pé ohun tó ń gbọ́ títa ata lára ẹyẹ yàtọ̀ sí tàwa ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú. Wọ́n lè fi ata gígún díẹ̀ po ọkà, kó má ṣe pọ̀ débi tí á máa fẹ́ sójú ẹyẹ tàbí ojú ẹni tó ń dà á.

Ẹ̀gà (Ploceus cucullatus) ló ṣòro jù láti lé. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ní fídà tó jẹ́ pé abẹ́ ni ihò ẹ̀ wà, ẹyẹ tí ò lè dorí kodò ò ní lè jẹ ńbẹ̀, àmọ́ ẹ̀gà tó ń hun ilé ẹ̀ rọ̀ sábẹ́ ìmọ̀ ọ̀pẹ, kí ló fẹ́ fìyẹn ṣe é? Ìwúwo ẹ̀ ò ju nǹkan bíi gíráàmù 40 lọ, sípíríǹgì tó bá máa dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ẹyẹ gíráàmù 10 gbọ́dọ̀ rọ̀ gan-an. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ọkà máa kéré, kí wọ́n sì lo jéró dípò àgbàdo àti ìrẹsì, jéró wà lọ́jà Bódìjà. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n jẹ́ kó jẹ díẹ̀, ẹyẹ ìlú yìí lòun náà.

Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀, fídà gbọ́dọ̀ ní òrùlé tó yọ síta àti ihò lábẹ́ tómi á máa gbà jáde. Ọkà tó bá ti tutù máa bu, májèlé aflatoxin sì lè wà nínú àgbàdo àti ẹ̀pà tó bá ti bu, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n má gbé e fún adìyẹ. Kí wọ́n máa fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ fídà lọ́ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó sì gbẹ nínú oòrùn. Tí ẹyẹ tó wú ìyẹ́, tó kàn dúró gọ̀ọ́ tí ò lè fò, bá yọjú, kí wọ́n gbé fídà náà kúrò fún ọ̀sẹ̀ méjì, káwọn tó kù má bàa kó àrùn ẹ̀.